Fender Twin tòkunbọ̀ tàbí módẹ́là: ẹ̀yin onígìtá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OlókùnMẹ́fà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì ń bá bándì jùjú kan jáde òde àríyá ní Sátidé. Ẹnìkan kó ẹrù dé láti Amẹ́ríkà, Fender Twin Reverb wà nínú rẹ̀, ìyẹn ámípù tó ń gbé ohùn gìtá sókè, onífáàfù gidi (fáàfù ni àwọn ìgò kéékèèké tó ń gbóná nínú rẹ̀), ó sì ní òun á tà á fún mi. Iye tó ń pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó Line 6 HX Stomp tòkunbọ̀, ìyẹn módẹ́là kékeré tó ń fi kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fara wé oríṣiríṣi ámípù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní gìtá ní kí n má wulẹ̀ wo ibi tí módẹ́là wà, ó ní ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní tiwọn sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ámípù kiri mọ́.

Bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ mi nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní míkísà àti sípíkà ńlá méjì, ṣùgbọ́n kò sí ámípù gìtá, nítorí náà inú míkísà ni mò ń ki wáyà gìtá bọ̀ tààrà. Ohùn náà gbẹ, ó sì ń gún mi létí. Lóde àríyá, ohun tí a bá bá níbẹ̀ la ń lò. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ibi méjèèjì. N kò ní mọ́tò. Ṣé lóòótọ́ ni pé módẹ́là kò lè dún bí fáàfù? Èwo ni kí n rà?

Atúnámípùṣe, Èkó

Àbúrò, kí o tó béèrè ohùn, kọ́kọ́ béèrè iná.

Ámípù tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Bí o bá kì í bọ ojú iná ògiri bẹ́ẹ̀, fíúsì rẹ̀ á jó. Ìyẹn bí fíúsì gidi bá wà níbẹ̀ o, torí mo ti rí èyí tí wọ́n fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí, tíràǹsífọ́mà ńlá inú rẹ̀ ló jó pátápátá. O máa nílò step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín iná wa kù sí 120, kì í sì í ṣe kékeré. Twin ní fáàfù 6L6 mẹ́rin tó ń ti sípíkà, ó tún ní kéékèèké mẹ́fà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbóná kí ohùn tó jáde. Èmi kò ní fọkàn tán step-down tí kò tó 500 wáàtì fún un.

Wáyà kan wà nínú fáàfù kọ̀ọ̀kan tó máa ń pọ́n nígbà tó bá gbóná, 6.3 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Bí iná òde bá já láti 230 sí 170, bí a ti mọ̀ ọ́n lálẹ́, nǹkan bí 4.7 ló máa dé ọ̀dọ̀ wáyà yẹn. Ohùn á rọ̀, á kú sínú. Jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró déédéé ń ṣe òdì kejì rẹ̀: bí wọ́n bá ṣàdédé pa fíríìjì tàbí AC tó wà lórí rẹ̀, iná á ta sókè, fáàfù ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Sitebiláísà di dandan nìyẹn. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tún wà tí iná rẹ̀ kì í yí geere bíi ti NẸ́PÀ, ó máa ń mú kí tíràǹsífọ́mà kùn, kíkùn náà á sì gba inú sípíkà jáde.

Bí o bá ṣì fẹ́ rà á, ní kí ẹni tó ń tà á tàn án fún ọ fún àkókò tó pẹ́. Ọ̀pọ̀ àrùn ámípù kì í yọjú títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn: wáyà inú fáàfù yẹ kó pọ́n, ṣùgbọ́n bí páálí irin tó yí i ká bá pọ́n pẹ̀lú, nǹkan ti bàjẹ́. Gbóòórùn rẹ̀. Tíràǹsífọ́mà tó ti jó rí máa ń rùn. Má ṣe tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀ láé, ìyẹn ló ń pa tíràǹsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde.

Mo bẹ̀ ọ́ sí i, má ṣí i fúnra rẹ. Iná tó ju 400 fóòtì lọ wà nínú rẹ̀, ó sì lè dúró sínú kàpásítọ̀, ohun inú rẹ̀ tó ń fi iná pamọ́, lẹ́yìn tí o ti fà á yọ lójú iná. Ó ń pa ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló mọ èyí mọ́, nítorí pé àwọn tó bá rédíò onífáàfù láyé ti ń dínkù.

Fáàfù fúnra rẹ̀ tún wà o. Ilé iṣẹ́ tó kù tó ń ṣe é láyé kò pọ̀: JJ ní Slovakia, èyí tó wà ní Saratov ní Rọ́ṣíà, àti àwọn ará Ṣáínà. Ní 2022 tí Rọ́ṣíà fòfin de kíkó ọ̀pọ̀ ọjà jáde, gbogbo wa la rí bí owó fáàfù ṣe fò sókè. Mẹ́rin tó dọ́gba ni Twin ń fẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì gbọ́dọ̀ fi mítà ṣètò rẹ̀.

Mo fẹ́ràn fáàfù. Òun ló ń bọ́ mi. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nìyẹn.

GìtáDéLondon

Ọ̀gá tó kọ́ ọ kò purọ́ fún ọ, àbúrò. Ámípù onífáàfù kan, Vox AC30, wà nílé mi, mo sì fẹ́ kí o mọ ohun tí ọ̀gá rẹ ń pè ní ẹ̀mí, kó má baà jẹ́ pé orúkọ lásán lo máa di mú.

Bí mo bá fọwọ́ pẹ̀lẹ́ kan okùn, ohùn rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fi agbára kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀, ìyẹn ni pé á máa ha, láìjẹ́ pé mo tẹ bọ́tìnnì kankan. Fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní GZ34 ló ń yí iná AC padà sí DC nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá ta okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná inú ámípù á rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó bọ̀ sípò. Ohùn á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á wú. Ọwọ́ mi máa ń gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. Sípíkà tó wà lẹ́yìn mi sì ń mi okùn gìtá padà, tí ohùn kan á fi dúró níbẹ̀ tí kò ní fẹ́ kú. Ẹni tó bá ti mọ èyí lára kì í gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa: Twin kò rí bẹ́ẹ̀. 85 wáàtì ni. Díódù ló ń yí iná rẹ̀ padà, kì í ṣe fáàfù. Fender mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ohùn lè mọ́ títí dé òkè. Kí Twin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ariwo rẹ̀ á ti kọjá ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbà. Ibi tí fáàfù ti ju módẹ́là lọ jùlọ ni ẹnu ibi tí ohùn ti fẹ́ máa ya, o kò sì ní débẹ̀ pẹ̀lú Twin láàárín ìsìn. Níbi tí ohùn bá ti mọ́ gaara, ìyàtọ̀ tó kù kéré.

Ìwúwo rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bíi kílò 29 ni Twin. Kò sí ọlọ́kadà tó máa gbé ìyẹn pẹ̀lú ìwọ àti gìtá rẹ. AC30 tèmi wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í kúrò nílé. Láàárín ilé alájà púpọ̀ tí mò ń gbé, mi ò lè ṣí i dé ibi tó ti dùn, àwọn aládùúgbò á pe kánsù. Àpótí kan tó ń gba agbára ámípù dípò sípíkà ni mo so mọ́ ọn, mo ń fi íápíìsì gbọ́ ọ. Ó dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí sípíkà ń tì kò sí níbẹ̀ mọ́, ìdajì ìfẹ́ tí mo ní sí i sì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn.

BàbáOnítẹ́nọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àsọyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ London sọ wọ̀ mí lára. Jùjú ni ọmọ yìí ní òun ń ta, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn.

Ní nǹkan bí 1949 ni olóògbé Àyìndé Bákàrè kọ́kọ́ fi iná gbé ohùn gìtá sókè nínú jùjú. Kó tó dìgbà náà, tí ìlù bá pọ̀ jù, wọ́n á bo gìtá mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí gìtá ti rí ohùn ni ààyè ti gba gángan àti àwọn ìlù mìíràn kí wọ́n pọ̀ sí i nínú bándì. Ìdí tí a fi ń lo ámípù nínú jùjú nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ gìtá lè hàn láàárín ìlù. A kò wá ohùn tó ń ya. Gìtá tó ń léwájú ń sọ tirẹ̀, gìtá kejì tí à ń pè ní tẹ́nọ̀ ń tún tirẹ̀ sọ láìsinmi, ẹ̀kẹta ń dáhùn. Bí ohùn kan nínú wọn bá ya tàbí tó fọ́n ká, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ara wọn, gángan á sì máa sọ̀rọ̀ sínú ariwo. Nígbà tí King Sunny Adé mú gìtá onírin tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn wọnú bándì rẹ̀, ẹ fetí sí bí ó ṣe ń wọlé: ó ń gba àárín kọjá, kò bo ẹnì kankan.

Nítorí náà, ohùn mímọ́ tí kì í tètè rẹ̀, echo díẹ̀, àti compressor, ohun tó ń mú kí títa líle àti títa rírọ̀ súnmọ́ ara wọn. Ohun tí jùjú ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kò ju ìyẹn lọ. Módẹ́là kékeré ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, pààrọ̀ okùn gìtá rẹ. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi nítorí ohùn ni okùn wọn ti dípẹtà! Jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ọrùn gìtá náà ṣe kí gbogbo frẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó dábùú ọrùn náà, dún déédéé. Gìtá tí kò bára mu, kò sí ámípù tó lè bá a tún un ṣe.

ẸnjiníàOhùn, Ìlọrin

Mo ń ṣe míkísà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohùn tó ní ó gbẹ tó sì ń gún un létí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Kì í ṣe àìsí fáàfù ló fà á. Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, ojú ihò tí o ń ki wáyà bọ̀ nínú míkísà, wọn kò ṣe é fún gìtá. Pickup gìtá, ohun tó ń gba ohùn okùn, ò lágbára, ó ń fẹ́ ojú ihò tí kò ní fa nǹkan púpọ̀ lára rẹ̀. Míkísà ń fa ara ohùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di tín-ín-rín. Èkejì, sípíkà gìtá kì í jẹ́ kí ohun púpọ̀ kọjá lókè nǹkan bí 5,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹnu kékeré lókè tó ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan ìró píìkì lórí okùn. Ohun tó ń gún ọ létí nìyẹn. Módẹ́là èyíkéyìí tó ní àwòṣe sípíkà nínú máa wo àrùn méjèèjì sàn lọ́jọ́ tí o bá rà á. Twin náà máa wò ó sàn, ṣùgbọ́n a máa ní láti gbé máíkì síwájú rẹ̀, máíkì yẹn á sì máa gbọ́ dírọ́ọ̀mù àti kúáyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kórìíra módẹ́là ni pé wọn kò mọ bí a ṣe ń tò ó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ohùn tí o tò nílé pẹ̀lú íápíìsì kò ní bá ọ dé orí pèpéle. Nígbà tí ohùn bá kéré, etí ènìyàn kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè dáadáa, o máa fi kún méjèèjì. Bí wọ́n bá wá ṣí ṣọ́ọ̀ṣì sókè, ìsàlẹ̀ á máa rọ́ gbì, òkè á máa gún. Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, bẹ ẹni tó ń ṣe míkísà kó ṣí i dé bó ṣe ń wà lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o wá tò ó níbẹ̀. Nínú àwòṣe sípíkà, gé ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 80 Hz, gé òkè ní nǹkan bí 6,500 Hz. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá bẹ̀rẹ̀ ní 82, ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ti báàsì àti dírọ́ọ̀mù ni. Dín gain, bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn ya, kù sí i ju bí o ṣe rò lọ. Dín reverb, ìró bíi ti inú gbọ̀ngàn, kù pẹ̀lú, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ti ní tirẹ̀. Rí i pé gbogbo ohùn tí o tò pamọ́ dọ́gba, kí n má baà máa sáré tẹ̀lé ọ lórí míkísà nígbà tí orin bá yí láti ìjọsìn sí ìyìn. Ihò tí wọ́n kọ L/Mono sí nìkan ni kí o lò bí sípíkà yín bá jẹ́ mono, ìyẹn bí ohùn kan náà bá ń jáde nínú méjèèjì, kó o sì gba DI box, àpótí kékeré tó ń mú ohùn bá ojú ihò míkísà mu, kọjá kó tó wọ míkísà.

Módẹ́là kò ní sípíkà tirẹ̀ o. Bí o kò bá gbọ́ ara rẹ dáadáa lórí pèpéle, o máa sọ pé kò ní ẹ̀mí. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ, sípíkà monitor kan tó dára, èyí tó kọjú sí ìwọ tó ń ta, ni kó o fi rà.

Dáre_Blues, Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé ohùn kì í pẹ́ kó tó jáde nínú módẹ́là? Mo gbọ́ pé ìyẹn ló ń mú kí ọwọ́ wúwo.

ẸnjiníàOhùn, Ìlọrin

Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ módẹ́là òde òní ń gbà tó mílísẹ́kọ́ǹdì méjì sí mẹ́rin. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá dúró ní mítà mẹ́ta sí ámípù onífáàfù, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án ló máa gbà kí ohùn tó kàn ọ́ létí, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn. Ìṣòro máa ń wà nígbà tí wọ́n bá jọ lé ara wọn: wáyálẹ́ẹ̀sì dígítà, módẹ́là, míkísà dígítà, íápíìsì wáyálẹ́ẹ̀sì. Kálukú wọn ń mú díẹ̀. Íápíìsì Bluetooth kò sì ṣe é lò fún eré rárá, tirẹ̀ ti pọ̀ jù.

TóyìnSeben, Houston

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀nà kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Láti 2019 ni Fender ti ń ṣe Tone Master, ìyẹn Twin tí wọ́n yọ fáàfù kúrò nínú rẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Sípíkà méjì náà ṣì wà, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀, nǹkan bíi kílò 15 péré ni. Ìhò XLR wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ sí míkísà láìsí máíkì. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Àwọn tó jókòó níwájú kò mọ̀ pé kì í ṣe onífáàfù, onígìtá wa kejì tó mọ̀ sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ohùn kan ṣoṣo ló ní, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá ń ra módẹ́là gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Line 6 gbé módẹ́là POD jáde ní 1998, gbogbo ayé ní ó ti parí. Axe-Fx dé ní 2006, Kemper ní 2011, Helix ní 2015, ToneX ní 2022. Bí tuntun bá ti dé, owó ti àná á já wálẹ̀. Twin tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, àwọn ènìyàn sì ń du ú. Fún ẹni tó ń ra nǹkan láti fi ṣe ogún, fáàfù ni. Fún ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ láti fi ṣiṣẹ́, bí owó módẹ́là ṣe ń já yẹn, èrè tirẹ̀ ni.

Dáre_Blues, Ọ̀ṣogbo

Kemper àti Quad Cortex kì í fara wé ámípù lórí ìwé lásán, wọ́n ń rán ohùn kọjá nínú ámípù gan-an, wọ́n á wá kọ́ bí ó ṣe ń dáhùn. NAM tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ń ṣe irú rẹ̀. Àǹtí London, ṣé ẹ ṣì máa sọ pé fáàfù ló leke níbi tí ohùn ti ń ya?

GìtáDéLondon

Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Bí wọ́n bá gba ohùn méjèèjì sílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi, mi ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, mi ò sì gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn kọ́ ni bí ámípù ṣe dún níwájú máíkì. Kò kọ́ bí ó ṣe dún fún ẹni tó dúró tì í nínú yàrá. Bí mo bá ń ta nìkan nínú yàrá, fáàfù ni mo fẹ́. Bí mo bá ń ta fún àwọn tó jókòó níwájú sípíkà ńlá, ohun tí máíkì gbọ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé máíkì síwájú ámípù.

Àkàndé_Sátidé, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, èmi kò ní owó HX Stomp. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń ta gìtá fún fellowship wa. Ṣé kí n kàn dúró?

ẸnjiníàOhùn, Ìlọrin

Má dúró. Wá Zoom G1 Four. Bátìrì AA mẹ́rin ń gbé e, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, ìwọ ò ní bá a lọ. Àwòṣe ámípù rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àwọn olówó gọbọi, ṣùgbọ́n fún ohùn mímọ́ pẹ̀lú echo díẹ̀, ó tó. Àwọn Valeton àti Mooer kéékèèké náà dára, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba IR, ìyẹn fáìlì kékeré tó gbé ohùn sípíkà àti máíkì sínú, ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. IR tó dára ń yí ohùn padà ju ámípù tí o yàn lọ. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

OlókùnMẹ́fà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ gbọ́ Twin náà. Wọ́n gbé e sórí step-down, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbóná bí bọ̀dá Atúnámípùṣe ti wí. Ohùn rẹ̀ gbòòrò, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ṣí ohùn rẹ̀ dé mẹ́ta péré, ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti jáde wá wò wá. Kò ya rárá, gẹ́gẹ́ bí àǹtí ti sọ. Àwa méjì la sì gbé e padà sórí tábìlì.

Mo bá ẹnìkan yá HX Stomp, mo sì tò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú sípíkà ṣíṣí bí ẹnjiníà ti là á sílẹ̀, àwòṣe Twin náà ni mo lò. Gígún etí yẹn lọ. Ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀ wa ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun á gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń ta. Módẹ́là ni mo máa rà, màá sì fi ìyókù ra monitor. Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà mìíràn a máa ń bá ámípù gìtá kan lóde àríyá. Ṣé kí n ki módẹ́là bọ iwájú rẹ̀?

ẸnjiníàOhùn, Ìlọrin

Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ láì pa àwòṣe sípíkà, ohùn sípíkà á gorí sípíkà, á dì, á sì ṣókùnkùn. Pa àwòṣe sípíkà náà kọ́kọ́. Wo ẹ̀yìn ámípù yẹn: bí ihò tí wọ́n kọ Return sí bá wà, ibẹ̀ ni kí o kì í bọ̀, á fo iwájú ámípù náà, á lo agbára àti sípíkà rẹ̀ nìkan. Bí Return kò bá sí, ki í bọ iwájú, kí o pa àwòṣe ámípù pẹ̀lú, kí o lo echo àti compressor nìkan. Tò ó pamọ́ sí ọ̀tọ̀ láti ilé: ọ̀kan fún míkísà, ọ̀kan fún ámípù, kó má baà di pé o ń wá a nígbà tí ìyàwó bá ti ń jó wọlé.

Atúnámípùṣe, Èkó

O ṣe dáadáa. Adaptọ̀ ló kù. 9 fóòtì ni HX Stomp ń jẹ, 3 áḿpù, àárín ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ negative. Bí ẹni tó ń tà á fún ọ kò bá fún ọ ní èyí tó bá a wá, ka ohun tó wà lára adaptọ̀ kó o tó kì í. Èyí tí wọ́n ń fi gbé pẹ́dà kéékèèké kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń fẹ́, á máa kú, á máa tàn, wọ́n á sì sọ fún ọ pé módẹ́là ló bàjẹ́. Ra sitebiláísà kékeré kan pẹ̀lú, má fi wáyà rẹ̀ sójú kan náà pẹ̀lú fíríìjì àwọn olóúnjẹ lóde. Bí o bá wá sí Èkó, gbé e dání, màá bá ọ wọn adaptọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́.